Odò Ilé Yàtọ̀ sí Òkun: Fún Ẹ̀yin Tí Ẹ Fẹ́ Kó Ẹbí Lọ Ṣeré ní Etíkun Èkó

Bí ìsinmi àwọn ọmọ ilé-ìwé bá ti ń súnmọ́lé, ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn ọmọ wa ní Òṣogbo àti ní Iléṣà fi ń dí wa létí: "Bàbá, ọjọ́ wo ni ẹ óò mú wa lọ wo òkun l'Ékòó?" Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ti gbọ́ ọ. Èmi náà gbọ́ ọ títí, mo sì kó wọn lọ. Ohun tí ojú mi rí lọ́hùn-ún ni mo fẹ́ sọ fún yín, kì í ṣe láti dá yín dúró, bí kò ṣe pé kí ẹ lè lọ, kí iye yín sì pé nígbà tí ẹ bá ń padà bọ̀ wálé.

Àwa Ìjẹ̀ṣà kò bẹ̀rù ìrìn. Àwọn bàbá wa tí wọ́n ń pè ní Òṣómàálò gbé aṣọ kiri láti ìlú dé ìlú, wọ́n á tà á ní àwìn, wọ́n á sì padà lọ lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí owó yóò fi jáde. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó lóṣòó ti owó, ǹjẹ́ ó ráyè wo bí òkè ìlú náà ti rí? Ìrìn ajé ni tiwọn. Pé kí ọkùnrin mú aya àti ọmọ dání, kí wọ́n lọ wo iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run, kí wọ́n jẹun lábẹ́ igi, kí wọ́n sì darí wálé láìta, láìrà, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ṣì ń kà á sí ìfowóṣòfò. Èmi kò bá wọn kà á bẹ́ẹ̀. Àwọn àlùfáà wa a máa sọ fún wa ní ilé kéwú pé Sàyídínà Úmárù gba àwọn òbí níyànjú láti kọ́ ọmọ wọn ní odò wíwẹ̀. Ẹni tí yóò kọ́ odò wíwẹ̀ kò sì lè kọ́ ọ lórí ẹní.

Kí a tó dé Èkó, ẹ jẹ́ kí n mú yín gba ilé kọjá, nítorí ẹni tí kò mọ ìwà omi ilé rẹ̀ kò lè mọ̀ pé ti ibòmíràn yàtọ̀. Ní Erin-Ìjẹ̀ṣà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Oríadé, lẹ́bàá ọ̀nà tí ó ti Iléṣà lọ sí Àkúrẹ́, omi kan wà tí ń dà láti orí àpáta. Olúmirin ni orúkọ rẹ̀, ìpele méje ni ó sì ní. Bí ẹ bá ti ń wọ inú igbó, ẹ óò gbọ́ ohùn rẹ̀ kí ẹ tó rí i, yóò máa hó bí ìgbà tí òjò ńlá ń bọ̀ lórí páànù. Lẹ́yìn náà ni atẹ́gùn tútù yóò fẹ́ lù yín, tí omi wẹ́wẹ́ yóò sì máa ta sí yín lójú. Ní ìpele kìíní, omi náà tẹ́ sílẹ̀ bí adágún kékeré láàrin àwọn òkúta. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìdílé máa ń dúró sí, tí àwọn ọmọ á máa ta omi sí ara wọn, tí àwọn ìyá á sì máa tú abọ́ ìrẹsì. Bí ènìyàn bá ṣe ń gòkè sí i ni ọ̀nà ń le sí i. Ẹni tí ó bá dé ìpele keje yóò bá ara rẹ̀ lórí òkè tí ó ti súnmọ́ ilẹ̀ Ẹ̀fọ̀n Aláayè ní Èkìtì. Ìpele kẹrin ni mo dé tí mo fi jókòó, mo ní kí àwọn ọmọ máa lọ, kí wọ́n wá bá mi níbẹ̀. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ti dé mọ́sáláṣí, àwa tí ń pe ìrun kì í gun òkè mọ́, ẹsẹ̀ mi sì ti gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀.

Omi yìí ní ìwà tirẹ̀. Ohun aláwọ̀ ewé kan máa ń hù bo àpáta rẹ̀, ó sì ń yọ̀ bí ilá; bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ dán kò wúlò níbẹ̀, bàtà rọ́bà tí ó ní eyín ni ó dára. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn omi a dínkù, nígbà òjò a pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rù rẹ̀ á máa bani. Òjò lè máa rọ̀ lókè lọ́hùn-ún nígbà tí oòrùn ń ràn níbi tí ẹ wà. Nítorí náà, bí omi bá ṣàdédé pọ́n, tí ewé àti igi bẹ̀rẹ̀ sí wọ́ bọ̀, tí ohùn rẹ̀ sì yí padà, ẹ má dúró kó abọ́ o. Ẹ kó ọmọ, kí ẹ gun ibi gíga. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ara rẹ̀ balẹ̀, adágún yẹn dúró sójú kan. Ọmọ tí ó bá rẹ̀ lè di òkúta mú, níbikíbi tí ó bá sì kọjú sí, etí omi kò jìnnà sí i. Ibẹ̀ ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti kọ́ odò wíwẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń pè é ní Ẹja. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tí a mú un lọ sí Èkó.

Ní ayé àwọn bàbá wa, rélùwéè ni à bá wọ̀. Ọdún 1907 ni ojú irin ti Èkó dé Òṣogbo. Ẹ ó sì rántí pé ní àwọn ọdún tí Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá fi jẹ́ gómìnà ní Ọ̀ṣun, láti 2010 títí di 2018, ìjọba a máa fi ọkọ̀ ojú irin kó àwọn ènìyàn wa lọ́fẹ̀ẹ́ láti Èkó wá sí Òṣogbo fún ọdún Iléyá. Mọ́tò ni àwa wọ̀ dé Ìbàdàn, a sì wọ ọkọ̀ ojú irin tuntun tí wọ́n ṣí ní 2021, láti Mọ́níyà, gba Abẹ́òkúta, dé Ebute Metta, kìlómítà 157. Àwọn ọmọ kò jókòó lójú kan títí a fi dé ibẹ̀. Ìyá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń ka tẹ̀sùbáà.

Etíkun tí a lọ, n kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ibẹ̀. Èmi ni mo yan ibi tí ọmọ náà ti wẹ̀. Nígbà tí a dé ibẹ̀, ìgbì ń dìde, ó ń fọ́ funfun lápá ọ̀tún, ó ń fọ́ funfun lápá òsì, ṣùgbọ́n ní àárín wọn ibì kan wà tí ó dákẹ́, tí ìgbì kò fọ́ rárá, tí omi rẹ̀ sì dúdú díẹ̀ ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Mo nawọ́ sí i. Mo ní, "Ibẹ̀ yẹn ni kí o ti wẹ̀, ibẹ̀ ni ó rọ̀." Ọmọ náà ní, "Ẹ ṣé, Bàbá," ó sì bọ́ sómi.

Nígbà tí àkókò Àlàásárì tó, àwa ọkùnrin tẹ́ ẹní sórí yanrìn, mo pe ìrun ní ohùn jẹ́jẹ́, a sì tò. Ẹ gbọ́ ohun tí n kò rò tẹ́lẹ̀. Gúúsù ni òkun wà sí Èkó, Kíbílà sì wà ní apá àríwá ìlà-oòrùn. Ẹni tí ó bá kọjú sí Kíbílà ní etíkun Èkó, ẹ̀yìn ni ó kọ sí òkun. Gbogbo àwa àgbà ọkùnrin tí ó yẹ kí a máa ṣọ́ àwọn ọmọ, ẹ̀yìn ni a kọ sí wọn. A gé ìrun kúrú gẹ́gẹ́ bí arìnrìn-àjò, ràkáà kejì ni a sì wà nígbà tí ìyá ọmọ náà kígbe. Kò sọ ju orúkọ rẹ̀ lọ.

Mo já ìrun náà. Bí ẹnikẹ́ni bá fi bú mi, ẹ bá mi sọ fún un pé òfin ẹ̀sìn wa gbà á, ó tilẹ̀ sọ ọ́ di dandan fún ẹni tí ó lè ṣe ìrànwọ́, nígbà tí ènìyàn bá ń rì. Mo yíjú, mo rí orí ọmọ wa, kékeré bí àgbọn tí ó já sómi. Ó ti kọjá ibi tí ìgbì ti ń fọ́. Ojú rẹ̀ wà sọ́dọ̀ wa, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ń lu omi, bí ó sì ti ń wẹ̀ bọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ó ń jìnnà sí wa.

Mo bọ́ agbádá sílẹ̀, èmi tí mo mọ odò wẹ̀ bí ọlọ ti mọ̀ ọ́n! Ọpẹ́lọpẹ́ apẹja kan, ọmọ Ègùn, tí ó ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe nítòsí. Ó di apá mi mú, ó ní, "Bàbá, ẹ dúró, ṣé òkú méjì ni ẹ fẹ́ kí a gbé ni?" Ó sáré lọ sí etí omi, ó ń ké sí ọmọ náà, ó sì ń na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́: "Má bá a jà! Gba ẹ̀gbẹ́! Gba ẹ̀gbẹ́!" Ọmọ náà kò kọ́kọ́ gbọ́. Nígbà tí ó gbọ́, ó dẹ́kun wíwẹ̀ bọ̀ sọ́dọ̀ wa, ó yí sí apá kan, ó sì ń wẹ̀ lọ bí ẹni tí kò fẹ́ wálé mọ́. Ìyá rẹ̀ ń sunkún pé ó ti ń lọ. Ìgbà tí ó ṣe, ìgbì kan gbé e, òmíràn tì í, apẹja náà wọ omi dé àyà, ó na igi àjẹ̀ rẹ̀ sí i, ó sì fà á jáde. Ọmọ náà bì omi iyọ̀ títí. Ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Bàbá, mo ń wẹ̀, ilẹ̀ ń sá fún mi."

N kò lè wo ojú ìyá rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Apẹja yẹn jókòó tì wá, ó ṣe àlàyé, mo sì ti wádìí rẹ̀ síwájú sí i láti ìgbà náà. Ìgbì kì í ṣíwọ́ gbígbé omi wá sórí yanrìn. Omi tí ó gbé wá kò lè dúró níbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ padà. Yóò wá ibi tí yanrìn abẹ́ omi ti ya kòtò, ibẹ̀ ni yóò sì gbà jáde, bí àgbàrá ti ń wá ojú gọ́tà lọ́jọ́ òjò. Nítorí pé kòtò ni, omi ibẹ̀ jìn, ìgbì kì í sì í fọ́ níbẹ̀ bí ó ti ń fọ́ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nítorí pé ìgbì kò fọ́, àlejò láti òkè-odò bí tèmi á rò pé ibẹ̀ ni ó rọ̀. Ojú ọ̀nà gan-an ni ibẹ̀! Omi náà lè yára ju ẹni tí ó mọ odò wẹ̀ jù lọ, ẹni tí ó bá sì kọjú sí i láti bá a jà, àárẹ̀ ni yóò pa á.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Omi yìí kì í fa ènìyàn lọ sí ìsàlẹ̀. Ńṣe ni ó ń gbé e jáde lójú omi. Bí odò tóóró ni ó rí nínú òkun, kì í sì í fẹ̀ púpọ̀. Ẹni tí ó bá wẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́, kí ó máa bá etíkun lọ lọ́gbọọgba, yóò bọ́ nínú rẹ̀, ìgbì yóò sì máa tì í bọ̀ wálé. Ẹni tí agbára rẹ̀ bá ti tán, kí ó dojú sókè, kí ó sùn sójú omi, kí ó na ọwọ́ kan sókè, kí ó sì pariwo. Ẹni tí ó wà lórí ilẹ̀ kò gbọ́dọ̀ bẹ́ lé e lọ́wọ́ òfìfo. Kí ó ju okùn sí i, tàbí kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí a dé lẹ́nu, tàbí ohunkóhun tí ń léfòó. Wọ́n ní òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Láti kékeré ni mo ti ń pa òwe yẹn, ọjọ́ yẹn ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi: ẹni tí kò mọ odò wẹ̀ á dúró sí etí, ẹni tí ó mọ odò ilé wẹ̀ ni yóò bọ́ sínú òkun.

Ẹ ó bi mí pé, ibo ni kí á wá kó àwọn ọmọ lọ? Láti ọjọ́ yẹn, Tarkwa Bay ni mo ń sọ fún àwọn ènìyàn, ẹ sì jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀, nítorí ìtàn rẹ̀ dùn. Ní ayé àtijọ́, yanrìn dí ẹnu ọ̀nà tí ọ̀sà Èkó gbà bọ́ sínú òkun, ọkọ̀ ńlá kò sì lè wọlé. Ní nǹkan bí 1908 sí 1912, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òkúta mọ ògiri gígùn wọ inú òkun ní apá méjèèjì ẹnu ọ̀nà náà. Láti Abẹ́òkúta ni wọ́n ti ń fi rélùwéè kó òkúta wá. Ọkọ̀ ń wọlé dáadáa. Ṣùgbọ́n yanrìn etíkun wa a máa ti ìwọ̀-oòrùn rìn lọ sí ìlà-oòrùn, ògiri yìí sì dá a dúró lójú ọ̀nà. Apá ìwọ̀-oòrùn yó fún yanrìn, ebi yanrìn pa apá ìlà-oòrùn, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí jẹ Bar Beach lọ́dọọdún. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ gun ẹṣin ní Bar Beach lọ́jọ́ ọdún, ẹ má wá a mọ́. Ìlú tuntun tí wọ́n ń pè ní Eko Atlantic ni wọ́n ń kọ́ sórí yanrìn tí wọ́n dà padà síbẹ̀, pẹ̀lú ògiri ńlá tí ó dojú kọ òkun. Àwọn ibi ìgbafẹ́ mìíràn náà ń yí padà: ní 2024 wọ́n wó púpọ̀ nínú etíkun Landmark nítorí ọ̀nà tí yóò ti Èkó lọ sí Kàlàbá. Ẹ béèrè kí ẹ tó gbéra.

Tarkwa Bay wà nínú, lẹ́yìn ògiri òkúta apá ìwọ̀-oòrùn. Ògiri náà ni ìgbì ń kọ́kọ́ lù, kí omi tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ, agbára rẹ̀ ti dínkù. Mọ́tò kò dé ibẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ni ẹ óò wọ̀ láti Victoria Island tàbí Fálọmọ. Ẹ má gbà kí ọlọ́kọ̀ kankan gbé yín láìfún olúkúlùkù, àgbà àti ọmọ, ní ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, èyí tí wọ́n ń pè ní láífù-jákẹ́ẹ̀tì. Òfin ìjọba Èkó ni. Ẹ so ó mọ́ ọmọ lára kí ó fún, nítorí èyí tí ó bá tóbi jù yóò bọ́ lọ́rùn rẹ̀ lójú omi. Lọ́hùn-ún ẹ óò rí àwọn ọ̀dọ́ tí ń dúró lórí pákó pẹlẹbẹ, tí wọ́n ń gun ìgbì bí ẹni gun ẹṣin. Ó wu àwọn ọmọ mi púpọ̀, ó wu èmi náà láti ibi tí mo jókòó sí. Ó dùn mí pé ní oṣù January 2020, àwọn ọmọ ogun ojú omi lé ọ̀pọ̀ àwọn tí ń gbé erékùṣù náà kúrò nílé wọn. Àwọn irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni ó mọ ibi tí omi ti burú.

Bí ẹnìkan nínú yín bá sì ní òun kò fẹ́ rí omi rárá, ẹ mú un lọ sí Lekki Conservation Centre, ní ojú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́. Igbó àti àbàtà ni, sáàrè 78 lọ́nà hẹ́kítà, tí wọn kò jẹ́ kí ilé gbà. Àjọ tí ó ni ín, ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni ó dá a sílẹ̀ ní 1980, Olóyè Shafi Lawal Edu, Mùsùlùmí bíi tiwa. Ọ̀bọ ń bẹ níbẹ̀, wọn yóò sì gba oúnjẹ lọ́wọ́ yín bí ẹ kò bá ṣọ́ra. Ní 2015 ni wọ́n ṣí afárá kan tí ó so mọ́ òkè láàrin àwọn igi, mítà 401 ni gígùn rẹ̀. Ó ń mì jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀ bí ènìyàn bá ti ń rìn lórí rẹ̀. Ìyàwó mi di okùn méjèèjì mú, ó dijú, ó sì ní kí n má bá òun sọ̀rọ̀ títí a fi dé òdìkejì. Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀, òun ni ó kọ́kọ́ ní kí a tún padà gùn ún.

Nǹkan díẹ̀ tí ó kù. Omi òkun tó fún àlùwàlá, ẹ má fi omi mímu yín ṣòfò. Aṣọ gígùn tí omi bá rẹ a wúwo bí òkúta, nítorí náà kí àwọn ìyá tí ó wọ jàlámíà má kọjá ibi tí omi dé ọrùn ẹsẹ̀. Ẹ ka àwọn ọmọ ní wákàtí wákàtí, kí àgbà kan sì wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju wíwo omi lọ, kí ó má mú fóònù dání. Bí àkókò ìrun bá tó, ẹ pín ara yín sí ọ̀nà méjì, bí àwọn ọmọ ogun ti ń ṣe nígbà ìbẹ̀rù: kí apá kan kírun, kí apá kejì kọjú sí òkun, kí wọ́n sì pààrọ̀. Kí ẹ sì ti wọ ọkọ̀ padà kí oòrùn tó wọ̀.

A tún lọ lẹ́yìn náà, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sì bá wa lọ. Ìyá rẹ̀ ni ó ní kí ó lọ. Ṣùgbọ́n kí ó tó jẹ́ kí ó bọ́ bàtà, ó mú un dúró sórí yanrìn, ó sì bi í pé, "Ibo ni ìgbì kò ti fọ́?" Ọmọ náà wo omi títí, ó nawọ́ sí ibì kan lápá ọ̀tún. Ìyá rẹ̀ wò ó, ó wo èmi náà, mo mi orí. Ó wá tú ìdí aṣọ rẹ̀, ó jókòó sí ibi tí ó ti lè rí i dáadáa.